Ilẹ̀ tí Àparò Kọ̀

Ọkùnrin kan wà. Fìlà rẹ lo ń wá yẹn, Akínlàjà? Fi í sílẹ̀, o ò tíì lọ síbì kankan. Ọkùnrin kan wà tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju ilẹ̀ gbogbo ará ìlú rẹ̀ lọ.

Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tó o wí. O ní kí n ránṣẹ́ sí Ìbídùnní ọmọ rẹ kó padà wálé. O ní ó gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ, láìsí ọkọ, o sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. O fún un ní yàrá, o fún un ní oúnjẹ, síbẹ̀ kò pẹ́ tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò bá a tan rárá. O wá ń bi mí pé kí ló kù tí o kò ṣe. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ ní tààrà, wàá bínú, mo sì mọ ìbínú rẹ láti ìgbà tí o ti ń rá kòrò. Nítorí náà, jókòó dáadáa, kí n fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bá ọ sọ tìrẹ.

Ọkùnrin tí mò ń wí yìí ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nídàálẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó padà wálé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó sì jogún ilẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wọn tó fi kan odò. Bàbá rẹ̀ ti darúgbó kó tó kú, kò lè roko mọ́, ilẹ̀ náà sì ti di ìgbòrò. Eèsún ga níbẹ̀, bẹẹrẹ kún ibẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún ti hù sáàárín wọn. Ojú ti ọkùnrin náà gidigidi. Ìwọ náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: bí oko ẹni bá kún, ẹni tó ń kọjá lọ á dúró lójú ọ̀nà, á máa bèèrè bóyá onílẹ̀ ti kú ni.

Ó gba alágbàṣe. Wọ́n ṣán an, wọ́n hú kùkùté rẹ̀, wọ́n dáná sí i, wọ́n sì ro ó láti ààlà dé ààlà. Nígbà tí wọ́n parí, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ á máa wo omi odò bó ṣe ń dán lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń kọjá ń kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ilẹ̀ yín mà mọ́ o!" Ní ìrọ̀lẹ́, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á dúró wo ilẹ̀ náà, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Ìyá rẹ̀ ń bẹ nínú ilé yẹn. Ìyá náà ti gbó, ojú rẹ̀ sì ti fọ́, kò lè fojú mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán mọ́. Etí ló fi ń mọ ìgbà. Bó bá gbọ́ odó, ó mọ̀ pé alẹ́ ti ń lẹ́. Bó bá gbọ́ tí àwọn ọmọ ń pariwo bọ̀ láti ilé ìwé, ó mọ̀ pé oòrùn ti yẹ àtàrí. Ti òwúrọ̀ ló wá yàtọ̀: àparò ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ náà fi wà ní ìgbòrò, àparò pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti fẹ́ máa yọ, ọ̀kan á ké nídìí eèsún, òmíràn á dá a lóhùn lápá odò, ìyá á dìde jókòó lórí ẹní rẹ̀, á ní, "Ojúmọ́ ti mọ́." Ìgbà yẹn ni wọn á gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un. Kí àparò tó ké, kò ní í fi nǹkan kan kan ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti ọmọdé, pé ẹni tó bá jẹun kí ọjọ́ tó là ń jẹ oúnjẹ àwọn tó ti kú.

Nígbà tí igbó lọ, àparò náà lọ. Kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí.

Ní òwúrọ̀ kan, ìyàwó ilé gbé ẹ̀kọ wọlé, ìyá ní, "Ojúmọ́ kò tíì mọ́, ìyàwó mi. Padà lọ sùn." Ìyàwó rò pé ó ń ṣeré ni. Ó mú ọwọ́ ìyá, ó na ọwọ́ náà síta lójú fèrèsé kí oòrùn lè ràn sí i. Ìyá yí ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn nínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Oòrùn àná ni. Ó kù síbẹ̀ ni." Wọ́n ní àkùkọ ti kọ. Ó ní, "Àkùkọ? Òpùrọ́ ni àkùkọ. Mo ti gbọ́ èyí tó ń kọ nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́. Àparò kì í purọ́."

Bí òru gígùn ṣe bo ìyá náà mọ́lẹ̀ nìyẹn. Bí àlejò bá wá kí i lọ́sàn-án gangan, á bi í pé kí ló gbé e jáde lóru. Á sùn, á jí, á jókòó, á tẹ́tí sílẹ̀, á tún dùbúlẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á gbọ́ tó ń bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, pé kó mú sùúrù, pé ilẹ̀ ò ní í pẹ́ mọ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, tó sunkún, á mu omi ẹ̀kọ díẹ̀ nítorí ojú rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń rù. Egungun èjìká rẹ̀ ti yọ síta lábẹ́ aṣọ.

Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà á. Ìyàwó rẹ̀ ló là á yé e, ó ní, "Baálé mi, àparò ni wọ́n ń dúró dè. Bí àparò kò bá ké nílé yìí, ìyá ń lọ nìyẹn."

Ọkùnrin náà bá jáde lọ dúró lẹ́yìnkùlé, ó wo ilẹ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ mi tẹ́jú. Ó mọ́. Omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ni àparò tún ń fẹ́?" Ó wá a títí, kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Ó ra àparò lọ́wọ́ ọdẹ. Ọdẹ náà wo ilẹ̀, ó mi orí, ó ní ilẹ̀ tó dára ni. Ṣé ẹni tó ń tajà á wá ní kò dára ni? Wọ́n tú wọn sílẹ̀ láàárín ilẹ̀. Àwọn ẹyẹ náà dọ̀bálẹ̀, wọ́n na ọrùn, wọ́n sì ki eré mọ́lẹ̀ bí olè tí wọ́n kígbe lé. Wọn ò wo ọ̀tún, wọn ò wo òsì. Àwòdì gbé ọ̀kan nínú wọn kó tó dé ààlà, àwọn yòókù sì wọ igbó onígbó lọ.

Ó da ọkà bàbà sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo ẹyẹlé ìlú ló wá jẹ ẹ́, wọ́n sanra débi pé wọn ò lè fò dáadáa mọ́.

Ó wá rántí ohun tí àwọn àgbà ń wí, pé àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ó lu itan rẹ̀, ó ní, "Áà! Ebè ni kò sí!" Má rẹ́rìn-ín, Akínlàjà. Ẹni tí ìdààmú bá, kò sí ọgbọ́n tí kò ní í dá. Ó pe àwọn alágbàṣe padà, wọ́n sì kọ ebè kún ilẹ̀ náà, ó tò rẹrẹ, kò sí iṣu nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀gẹ́. Àwọn ará ìlú ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló gbìn sí i. Ó ní, "Àparò." Wọ́n kí i pé ó kú iṣẹ́, wọ́n sì rọra ń lọ, bí ẹni tó kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn.

Nígbà náà ló lá àlá kan. Ó rí àparò, wọ́n pọ̀ lọ jàra, wọ́n ń gba inú pálọ̀ rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ wọn kò dún. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lọ́dọ̀ mi." Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò ó lójú, ó sì kọjá. Èyí tó kẹ́yìn dúró díẹ̀. Ó wo ilẹ̀ pálọ̀ náà tó ń dán, ó wo ìyẹ́ ara rẹ̀ tó pọ́n bí aṣọ tí a kò fọ̀ rí, ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó sì bá àwọn yòókù lọ. Ọkùnrin náà jí, ojú rẹ̀ tutù, kò sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Opó kan ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, lápá odò. Láti ìgbà tí ọkọ obìnrin náà ti kú, kò sí ẹni tó roko ibẹ̀ mọ́, igbó ti gba ilẹ̀ náà pátápátá. Inú ti ń bí ọkùnrin wa sí igbó yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti lọ bá opó náà, ó ní, "Ìyá, igbó yín ń bọ̀ wá bá ilẹ̀ mi o." Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Agbára ni kò sí." Bó ṣe ń tún un sọ fún un nìyẹn, bí obìnrin náà ṣe ń dá a lóhùn nìyẹn. Nígbà tó sú u, ó lọ bá baálẹ̀ ìlú, baálẹ̀ sì gbà pé nígbà ọyẹ́, tí koríko bá ti gbẹ, kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú lọ dáná sun ún. Ọkùnrin náà ní òun á gbé ẹmu fún wọn. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó tiẹ̀ ń rò ó pé bóyá igbó yẹn ló ń dí àparò lójú, tí wọn ò fi rí ilẹ̀ òun. Gbọ́ ọgbọ́n!

Ọyẹ́ dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò dáná, kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀, funfun báláú. Afẹ́fẹ́ yí padà, ó ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ odò. Ìyá jókòó lójijì lórí ẹní rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn kan. Ó jìnnà, ó rẹlẹ̀, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti ìlú kejì. Kò jí ẹnikẹ́ni. Ó fa ọ̀pá rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì ń tẹ̀ lé ohùn náà lọ nínú kùrukùru.

Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn ìrìn náà lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ní ọ̀pá òun kan òkìtì yẹ̀pẹ̀ kan, ó kan èkejì, ó tún kan òmíràn, gbogbo rẹ̀ tò lọ rẹrẹ. Ó ní òun dúró láàárín wọn, òun bi ara òun pé, "Ta ni gbogbo àwọn tó kú wọ̀nyí? Ṣé ìlú ti tán ni?" Ó ní omi bọ́ lójú òun. Ṣùgbọ́n ohùn náà tún ké, òun sì tẹ̀ síwájú.

Ìyàwó ilé ló rí ẹní tó ṣófo. Ó figbe ta. Ọkùnrin náà sáré jáde, ó ń pè, "Ìyá mi o! Ìyá mi o!" Ilẹ̀ tó ń rí já lójoojúmọ́, lọ́jọ́ yẹn kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ lórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ láàárín ebè, títí ẹsẹ̀ náà fi dé ààlà, tó sì wọ inú igbó opó. Kò wọ ibẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́. Ẹ̀gún fa aṣọ rẹ̀ ya, ẹrẹ̀ yí i lára, ìrì da omi sí i lọ́rùn.

Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀, nítòsí. "Rọra. O ń mí bí ẹṣin. Má tẹ̀ wọ́n."

Ó ní, "Ìyá, níbo lẹ wà?"

Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní, "O ò tíì bẹ̀rẹ̀ tó. Ojú ẹni tó dúró kọ́ ni wọ́n fi ń wo ilẹ̀ fún àparò. Dùbúlẹ̀."

Àgbàlagbà ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ nínú ìrì. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó rí ilé. Gbọ́ mi o. Lókè, eèsún ti wó lu ara wọn, wọ́n di òrùlé. Nísàlẹ̀, láàárín ìdí wọn, ọ̀nà tóóró wà níbi gbogbo, ó mọ níwọ̀n ẹyẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ibì kan wà tí yẹ̀pẹ̀ ti kúnná, tí àwọn àparò ti ń fi eruku wẹ̀. Ikán wà lára igi jíjẹrà tí àwọn ọmọ wọn ń ṣà jẹ. Ẹ̀gún tó fa aṣọ rẹ̀ ya ló ṣe odi yí wọn ká. Ìyá rẹ̀ jókòó láàárín gbogbo rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, nítorí ẹyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kòtò kékeré kan, àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti ewé gbígbẹ.

Àparò kan ké. Ó sún mọ́ wọn débi pé igbe náà gba àyà ọkùnrin náà kọjá. Òmíràn dá a lóhùn, òmíràn tún dá a lóhùn. Ìyá gbé ojú rẹ̀ tó fọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọge, ó ní, "Ojúmọ́ ti mọ́! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ebi ń pa mí o. Kí lẹ sè?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

Níbi tó ti ń sunkún ló ti gbọ́ ohùn àwọn ọ̀dọ́ létí ààlà. Wọ́n ti dé, ògùṣọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ó fò dìde nínú koríko, ewé kún orí rẹ̀, ó ń ju ọwọ́, ó ní, "Ẹ má dáná o! Ẹ má dáná!"

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ sá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Yéè! Iwin rèé o!"

Ó ní, "Iwin bàbá ta ni? Èmi ni! Èmi tí mo bẹ̀ yín níṣẹ́ ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Wọ́n tẹ iná náà pa lórí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì lọ mu ẹmu wọn láìṣiṣẹ́.

Ó pọn ìyá rẹ̀ wálé. Ìyá mu ẹ̀kọ, ó jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀, ó tún bèèrè pé ṣé ó tán ni. Nígbà tí kùrukùru ká kúrò, ọkùnrin náà dá lọ sí àárín ilẹ̀ tirẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀. Ó dojú bolẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe dojú bolẹ̀ nínú igbó opó, ó sì gbé ojú sókè.

Kò sí nǹkan kan láàárín òun àti ọ̀run. Àwòdì kan ń yí lókè, òjìji rẹ̀ sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rù bà á. Lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, ẹ̀rù bà á. Ó wo ara rẹ̀, ó rí aṣọ rẹ̀ tó ya, tí ẹrẹ̀ ti bà jẹ́. Nínú igbó, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ pé ó dọ̀tí. Níbí, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń nàka sí i. Kò rí ibi tó máa gbé ara rẹ̀ sá sí. Ó wá yé e pé ẹyẹ tí aṣọ rẹ̀ pọ́n kò lè gbé ilẹ̀ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ilẹ̀ náà kò dára. Ilẹ̀ náà ń tú u fó ni.

Láti ọjọ́ náà, ó ní kí ọkọ́ kankan má kan ilẹ̀ náà láti odò títí dé ìdajì. Ó pa àgọ́ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ààlà opó fún ìyá rẹ̀, kó máa sùn níbẹ̀ títí koríko yóò fi hù. Ó lọ bẹ opó náà. Obìnrin náà ní, "Mo mà ti ń tọrọ agbára lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí n lè ro ó fún yín!" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ má tíì tọrọ rẹ̀." Òjò rọ̀, koríko hù bo ebè òfìfo. Àwọn ará ìlú ní ọ̀lẹ ti ràn án.

Àparò kò sì tètè wá. Ọ̀kan á yọ orí ní ààlà, á padà. Òmíràn á wọlé, á jáde. Kò ṣọ́ wọn, kò pè wọ́n, kò da ọkà sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n ń gbé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ padà sínú yàrá rẹ̀, orí ẹní rẹ̀ ló sì ti ń gbọ́ wọn láràárọ̀ títí ó fi lọ bá ọkọ rẹ̀.

O ń dijú mọ́ mi, Akínlàjà. O fẹ́ sọ̀rọ̀. Sọ ọ́.

O ní, "Bàbá, ṣé kí n jẹ́ kí ilé mi dọ̀tí ni?" Mo mọ̀ pé ohun tó o máa sọ nìyẹn. Rárá o. Ilé rẹ dára. Òórùn ọ̀dà tó o fi kùn ún ṣì ń ta sí èèyàn nímú. Oúnjẹ wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní o ò fẹ́ràn Ìbídùnní, mo máa bá a jà. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ ti wá bá mi kó o tó wá. Ó ní lówùúrọ̀ tí Ìbídùnní kọ́kọ́ jí nínú ilé rẹ, o lu agogo àdúrà. Gbogbo ilé péjọ, àwọn àbúrò rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, títí kan àwọn ayálégbé. O kúnlẹ̀, o ní, "Olúwa, ṣàánú ọmọ rẹ Ìbídùnní tó kó ìtìjú bá ilé yìí. Fọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nù." Wọ́n ṣe àmín. Ní ọjọ́ kejì, o tún gbà á. Ní ọjọ́ kẹta, ohùn rẹ tún ròkè sí i. Láràárọ̀ ni ayálégbé ń ṣe àmín lé ọmọ rẹ lórí, òun sì jókòó láàárín yín, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí.

Má sunkún. Mo mọ̀ pé ire lo rò. Ọkùnrin tó ń ro ilẹ̀ rẹ̀ náà, ire ló rò.

Ìwọ ń dúró wo ilé rẹ, o ń sọ pé ilé ire ni. Bẹ̀rẹ̀. Jókòó síbi tí ọmọbìnrin yẹn jókòó sí, kó o wo ilé náà láti ibẹ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ti pọ́n, kì í ṣe pálọ̀ tó ń dán ló kọ́kọ́ ń wá. Ibi tó máa gbé ara pamọ́ sí títí ẹ̀rù fi máa kúrò lára rẹ̀ ló ń wá. Àwọn àjòjì tó lọ bá lọ́hùn-ún, wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Wọn ò kàn mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ni.

Màá ránṣẹ́ sí i. Mi ò ṣèlérí fún ọ pé ó máa wá. Bó bá wá, má bi í ní nǹkan kan, má ṣọ́ ọ, má pè é jáde fún àlejò. Bí agogo àdúrà bá sì lù, tí gbogbo yín kúnlẹ̀, kí ìwọ Akínlàjà gbàdúrà fún òjò, kí wọ́n sì ṣe àmín.